Roger Staubach: Quarterback Tó Ti Ń Ṣòwò Ilé Kí Eré Tó Tán

Ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, ọdún 1975, ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Nínú bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, Minnesota Vikings ń fi 14 sí 10 lù Dallas Cowboys, eré sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọkùnrin kan tó wọ nọ́ńbà 12 gba bọ́ọ̀lù, ó fẹ̀yìn rìn, ó sì fi gbogbo agbára apá jù ú sókè. Drew Pearson ló já a gbà lọ́hùn-ún. Bọ́ọ̀lù fẹ́ yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó há a mọ́ ìbàdí, ó sì bá a wọlé. Dallas 17, Minnesota 14.

Nígbà tí àwọn oníròyìn bi ẹni tó ju bọ́ọ̀lù náà léèrè, ó ní òun kàn dijú, òun sì ka "Mo kí ọ Màríà" ni. Ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ló ti jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló jẹ́ kí gbogbo Amẹ́ríkà máa fi orúkọ àdúrà yẹn pe bọ́ọ̀lù tí èèyàn bá jù nígbà tí ọ̀nà gbogbo ti dí.

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin olùwò wa. Roger Staubach lorúkọ ọkùnrin náà. Ohun tó ń ṣe láwọn oṣù tí kò sí bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ jù lónìí.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan lẹ mọ̀, ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èèyàn 11 ló máa ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù wọn rí gboro bí ibẹ́pẹ, ọwọ́ ni wọ́n sì sábà fi ń gbé e. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ànfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti fi rin yáàdì 10. Bí wọ́n bá rìn ín pé, wọ́n tún gba ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn, bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi dé òpin pápá. Ọwọ́ quarterback ni bọ́ọ̀lù ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ bóyá òun máa jù ú, bóyá òun máa fún ẹlòmíràn, tàbí kí òun fúnra òun gbé e sáré. Àwọn géńdé tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn sì ti ń bọ̀ wá gbé e ṣánlẹ̀.

Ọdún 1942 ni wọ́n bí Staubach ní Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Òun nìkan ni ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Annapolis ló lọ, ibẹ̀ ló sì wà tó fi gba àmì ẹ̀yẹ Heisman ní 1963, èyí tí wọ́n máa ń fún agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù láàárín àwọn ọmọ yunifásítì. Ẹni tó bá gba irú rẹ̀ lónìí, owó ńlá ló kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde ní Annapolis, gbèsè iṣẹ́ ológun wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù láti yunifásítì ní 1964, ìpele kẹwàá ni Dallas Cowboys tó mú un, torí wọ́n mọ̀ pé kò ní lè dé bọ̀rọ̀.

Kò wá ọ̀nà láti sá fún iṣẹ́ ológun náà. Ojú rẹ̀ kì í ya àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé sọ́tọ̀ dáadáa, nítorí náà ẹ̀ka tó ń pèsè ẹrù fún àwọn ọmọ ogun ni wọ́n fi í sí. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda láti lọ sí Vietnam, ó sì sìn ní Chu Lai. Ọdún 1969 ló tó wọ Dallas. Ẹni ọdún 27 ni, ó sì wà lára àwọn ọmọ tuntun tí ó dàgbà jù lọ.

Síbẹ̀, ó tún ní láti dúró de àyè. Kóòṣì Tom Landry kò mọ ẹni tí yóò fi ṣe quarterback láàárín Staubach àti Craig Morton. Ní 1971, nígbà tí wọ́n pàdé Chicago Bears, ńṣe ni Landry ń pààrọ̀ àwọn méjèèjì, ìwọ wọlé, ìwọ jáde, bọ́ọ̀lù kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n pàdánù. Lẹ́yìn ìyẹn ló fi Staubach sí i pátápátá. Ìgbà 10 ni wọ́n tún gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún náà, wọ́n sì borí nínú gbogbo rẹ̀, títí kan Super Bowl, àṣekágbá ìdíje ọdọọdún wọn, tí wọ́n ti fi 24 sí 3 na Miami Dolphins ní oṣù Kìíní 1972. Super Bowl kejì dé ní 1978, wọ́n na Denver 27 sí 10. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Pittsburgh na Dallas náà nínú àṣekágbá yìí kan náà.

Owó agbábọ́ọ̀lù ayé ìgbà yẹn kò rí bí a ṣe ń gbọ́ ọ lónìí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe bí sáà bá parí. Staubach ti níyàwó, ó ti bímọ, ó sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan péré ló lè yẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tán. Ó lọ ń kọ́ṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ lọ́dọ̀ Henry S. Miller ní Dallas. Ní 1977, nígbà tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, òun àti alábàáṣe kan dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yẹn ló di Staubach Company.

Ibí gan-an ni ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù. Nínú òwò ọ́fíìsì, onílé máa ń ní ajẹ́ǹtì tirẹ̀, bí owó ilé bá sì ṣe ga tó ni inú onílé àti ajẹ́ǹtì ṣe ń dùn tó. Ta ló wá wà lẹ́yìn ayálégbé? Staubach lọ dúró síhà ibẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń wá ọ́fíìsì, àwọn èèyàn rẹ̀ á bá a ka iye àyè tó nílò lóòótọ́, wọ́n á wo ìgbà tí àdéhùn ilé tó ń gbé máa parí, wọ́n á lọ bá onílé mélòó kan kí wọ́n lè mọ ohun tí kálukú máa gbà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó jókòó dúnàá dúrà. Ẹni tí kò ní ilé kankan láti tà lè sọ òótọ́ fún ayálégbé. Orí èyí ni wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ náà lé, ó sì gbèrú kọjá Texas. Ní 2008, Jones Lang LaSalle, ilé-iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ ńlá kan, rà á ní mílíọ̀nù 613 dọ́là.

Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ̀rọ̀ owó yẹn. Èmi ò kà á sí èrè tó tóbi jù. Ní oṣù Kejìlá 1979, Los Angeles Rams lé Dallas jáde nínú ìdíje, bọ́ọ̀lù tí Staubach sì jù kẹ́yìn tí ẹnìkan gbà lọ́jọ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Herbert Scott, ẹni tí òfin eré kò gbà láyè láti gbá a mú. Orí rẹ̀ ti gba ìkọlù lemọ́lemọ́ lórí pápá, àwọn dókítà sì ti kìlọ̀. Dallas ṣì fẹ́ ẹ. Ní oṣù Kẹta 1980, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni ọdún 38 ni, ó ní ibi tí yóò lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní tábìlì, ó ní oníbàárà. Mélòó nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ló fẹ́ fi eré sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí ohun tí wọ́n máa jẹ tí wọ́n bá fi í sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí.

Kì í ṣe gbogbo òwò rẹ̀ ló yọrí. Òun àti Troy Aikman, quarterback Dallas mìíràn, dá ẹgbẹ́ eré ìje ọkọ̀ sílẹ̀, Hall of Fame Racing, tó bẹ̀rẹ̀ eré ní 2006. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tà á.

Ní ti ìlú, àwọn tó ń ṣètò ìdíje bọ́ọ̀lù náà ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ Ọkùnrin Ọdún ní 1978, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ń ṣe dáadáa lórí pápá àti láàárín àwùjọ. Nígbà tí Super Bowl fẹ́ wá sí agbègbè Dallas ní 2011, òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ agbàlejò. Yìnyín dì mọ́ ojú títì lọ́sẹ̀ náà, àlejò ń yọ̀ ṣubú, síbẹ̀ wọ́n ṣe é. Ní 2018, ọdún tó kúrò ní Jones Lang LaSalle, wọ́n pè é sí White House, wọ́n sì fi Presidential Medal of Freedom, àmì ẹ̀yẹ ńlá tí ààrẹ Amẹ́ríkà máa ń fúnni, kọ́ ọ lọ́rùn.