Ẹ̀dọ̀fóró Nìkan Kọ́ Ló Ń Mí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sé èémí yín díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí àyà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín, tí gbogbo ara á máa bẹ̀ yín pé kí ẹ mí. Ó tó, ẹ mí o.

Kí ló ń fipá mú wa? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ọ́síjìn ló ti tán nínú ara. Kò tíì tán, ó ṣì kù dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀. Kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì, afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán tó fẹ́ dà nù, ló ń pọ̀ sí i, tó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa kan díẹ̀díẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló ń ṣọ́ ọ. Bó bá ti pọ̀ jù, ọpọlọ á pàṣẹ pé ká mí. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe tọ̀sán tòru, kódà nígbà tí a bá sùn fọnfọn.

Mo fẹ́ kí àwọn tó máa ń lúwẹ̀ẹ́ fetí sí èyí gidigidi. Àwọn kan máa ń mí hẹlẹhẹlẹ léraléra kí wọ́n tó mòòkùn, torí kí wọ́n lè pẹ́ lábẹ́ omi. Kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì nìyẹn ń gbọ́n dà nù. Ọ́síjìn ò fi bẹ́ẹ̀ lé sí i. Ọpọlọ ò wá ní rí ohun tó máa fi kìlọ̀. Ọ́síjìn á tán, èèyàn á dákú sómi láìjẹ́ pé èémí tiẹ̀ ń wù ú. Ó ti pa òmùwẹ̀ tó gbówọ́ rí.

Ẹ̀dọ̀fóró ńkọ́? Kò ní iṣan tó lè fi fẹ ara rẹ̀. Iṣan pẹrẹsẹ kan tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn ló ń bá a ṣe é. Bí iṣan yìí bá sún wálẹ̀, tí egungun ìhà sì gbéra sókè, inú àyà á gbòòrò, afẹ́fẹ́ á rọ́ wọlé, bí ìdajì lítà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dẹwọ́, afẹ́fẹ́ á jáde.

Ibi tí afẹ́fẹ́ náà ń lọ ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ọ̀nà rẹ̀ ń pẹ̀ka bí igi, ẹ̀ka ń yọ ẹ̀ka, títí á fi dé àwọn àpò tíntìntín tó tó 300 mílíọ̀nù, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara àpò wọ̀nyí fẹ́lẹ́ débi pé ọ́síjìn ń gbabẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì sì ń gbabẹ̀ jáde. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí a fà sínú jẹ́ 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú èyí tí a mí síta, ó ṣì kù bíi 16. Ìdí nìyẹn tí èémí ẹnu ẹlòmíì fi lè gba ẹni tí kò mí mọ́ là.

Inú àwọn àpò náà máa ń rin, omi ibẹ̀ sì máa ń fẹ́ fà wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ara ló ń sun èròjà ọlọ́ràá kan sí i tí wọn kì í fi í lẹ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé kì í ní in tó. Lọ́dún 1959, àwọn olùwádìí méjì, Mary Ellen Avery àti Jere Mead, fi hàn pé àìtó èròjà yìí ló wà nídìí àìlèmí tó ń pa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Lónìí, àwọn dókítà ń fi í sínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà tààrà, nígbà míì kó tó pé wákàtí kan láyé.