Òpó Tí Iná Jẹ: Àwọn Ilé Tí Mo Fẹ́ràn Jù ní Lisbon

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará, níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ètò lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí pé bí èèyàn bá wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí lọ gbafẹ́ ní Lisbon, olú-ìlú Pọ́túgàl, ilé wo ló yẹ kó fojú kàn. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ṣọ́ọ̀ṣì méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ọ̀kan kò lórùlé, ìkejì ti jóná rí.

Èyí tí kò lórùlé ni Convento do Carmo, lórí òkè tó ń wo àárín ìlú. Nuno Álvares Pereira, ọ̀gá jagunjagun wọn nígbà náà, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1389. Ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ọdún 1755. Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ ni, èrò kún ṣọ́ọ̀ṣì, àbẹ́là ń jó lórí pẹpẹ káàkiri ìlú. Ni ilẹ̀ bá mì tìtì. Ohun tí ilẹ̀ ò wó, iná jó o. Àwọn tó sá lọ sétí odò Tagus, omi ru dé, ó gbá wọn lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún Carmo kọ́ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí ìjọba lé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kúrò nílé wọn lọ́dún 1834, iṣẹ́ dúró.

Tẹ́ ẹ bá wọ ibẹ̀ lónìí, koríko lẹ máa bá níbi tó yẹ kí bẹ́ǹṣì wà. Òpó ṣì tò lọ́tùn-ún lósì, òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun ṣì so wọ́n pọ̀ lókè, ṣùgbọ́n sánmà ló wà láàárín wọn. Tí òjò bá ń rọ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń rọ̀ sí.

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà nísàlẹ̀ òkè yẹn, Baixa, ti wó pátápátá nígbà náà. Mínísítà ọba, ọkùnrin tí ayé wá mọ̀ sí Marquês de Pombal, ní kí wọ́n la títì tuntun, kó tọ́, kó fẹ̀, àwọn ẹnjiníà ológun sì ronú bí ilé á ṣe dúró bí ilẹ̀ bá tún mì. Ohun tí wọ́n ṣe nìyí: kí bíríkìlà tó mọ ògiri, káfíńtà á ti kan igi pọ̀ ná, òmíì nàró, òmíì dùbúlẹ̀, òmíì á dábùú gba ara wọn kọjá. Wọ́n á wá fi òkúta àti bíríkì dí àlàfo rẹ̀, wọ́n á rẹ́ ẹ. Gaiola ni wọ́n ń pè é. Bí ilẹ̀ bá mì, igi á tẹ̀, kò ní tètè dá. Òkúta lè já lulẹ̀ kí ilé má wó. Wọ́n ní sójà ni wọ́n ní kó yan yí àwòṣe rẹ̀ ká, kí ilẹ̀ lè máa mì, kí wọ́n tó gbà pé ó dára. Ẹ rin títì Rua Augusta ní Baixa látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí igi kankan, inú ògiri ló wà. Orí mi máa ń wú tí mo bá ro àwọn káfíńtà yẹn, tí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sára ilé.

Ìkejì, São Domingos, kò jìnnà sí gbàgede Rossio. Iná jó inú rẹ̀ lọ́dún 1959. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i padà lọ́dún 1994, wọ́n ti bo orí rẹ̀, wọ́n kun ún ní àwọ̀ osùn, àmọ́ wọ́n fi àwọn òpó sílẹ̀ bí iná ṣe ṣe wọ́n. Ẹ sún mọ́ ọ̀kan. Òkúta náà ti bó ní ìpele ìpele, ó ní ibi tó jìn tó ẹ lè ki ìka bọ̀, igun rẹ̀ tó mú tẹ́lẹ̀ ti jẹ. Wọ́n sì ń ṣe Máàsì láàárín wọn. Níwájú ìta rẹ̀ ni òkúta ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa ní ìpakúpa lọ́dún 1506 wà. Ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà ni ẹgbẹ́ Rosary àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti òmìnira, fi ṣe ibùjókòó láyé ìgbà yẹn. Títí dòní, ibẹ̀ làwọn ará Guinea-Bissau ti ń pàdé, wọ́n ń ta obì, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ.

Ẹ lọ sí Belém náà o, àdúgbò kan létí odò, mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Jerónimos, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tó wà níbẹ̀, rẹwà: wọ́n gbẹ́ òkúta bí okùn ọkọ̀ ojú omi. Owó orí ọjà tó ń ti Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn wọlé ni Ọba Manuel fi kọ́ ọ. Manuel yìí kan náà ló pàṣẹ lọ́dún 1515 pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò kan tí wọ́n á máa da òkú ẹrú sí. Rua do Poço dos Negros ni orúkọ títì tó wà níbẹ̀ báyìí. Ó dùn mí pé ẹni tó bá ń lọ sí Belém kì í sábà gba ibẹ̀ kọjá. Bẹ́ ẹ bá lọ, ẹ yà síbẹ̀, ẹ ka orúkọ yẹn lára ògiri.

Kẹ́ ẹ sì wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, torí òkúta ojú títì wọn ń yọ̀ gan-an tí òjò bá rọ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.