Láti "Ẹ" sí "Ìwọ": Nígbà Tí Ọmọlúàbí Bá Gbọ́dọ̀ Jà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá. Ọ̀rọ̀ bí ọmọ tó mọ̀wà ṣe lè gbèjà ara rẹ̀ la fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́bàá South Gate FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, ẹ ń fẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò. Kò síná. Bàbá kan yọ lẹ́yìn ògiri, ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ń gbà dé Ọ̀dà?" Kí lẹ máa ṣe? Mo mọ̀ yín. Ẹ máa dúró, ẹ máa tẹ orúnkún díẹ̀, "Ẹ káalẹ́, sà." Ojú yín á wolẹ̀, torí wọ́n ti kọ́ wa pé ọmọ tó mọ̀wà kì í tẹjú mọ́ àgbà. Lẹ́yìn náà ẹ máa yíjú, ẹ máa nàka sí ọ̀nà.

Ẹ tún un wò. Ẹ ti kọ ẹ̀yìn sí ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí, nínú òkùnkùn. Àwọn oníṣẹ́ ibi mọ ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ wa dáadáa. Ìkíni ni wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má kí èèyàn mọ́ o. Ní Àkúrẹ́ yìí? Orúkọ yín á dé ọ̀dọ̀ ìyá yín kẹ́ ẹ tó délé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ lè kí i láti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ti lè tó yín, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè díẹ̀ níwájú àyà, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀, kójú yín sì wà lára rẹ̀.

Mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní ọgbà kan ní Alágbàká bí wọ́n ṣe lè gbèjà ara wọn. Lọ́jọ́ kan mo ṣe bí ẹni fẹ́ kọlu ọmọbìnrin kan, mo ní kó pariwo mọ́ mi pé kí n padà sẹ́yìn. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó lanu, ó ní: "Ẹ padà sẹ́yìn, sà!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. "Ẹ" yẹn ti wà lẹ́nu wa kí eyín wa tó hù tán, gbogbo ara ló sì ń tẹ̀ lé e: ohùn á rọ̀, èjìká á wálẹ̀. Ẹnu tó ń sọ "ẹ jọ̀ọ́, sà" ò lè rán ìgúnpá níṣẹ́ ìjà. Ẹnubodè tá a máa kọ́kọ́ kọjá nìyẹn. "Dúró síbẹ̀! Má sún mọ́ mi!" Kò sí sà, kò sí jọ̀ọ́. Ẹni tó fẹ́ fà yín wọ mọ́tò ti bọ́ ẹ̀wù àgbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bọ́ ọ.

Ẹ tọ́jú "ẹ" náà fún àwọn aládùúgbò: "Ẹ gbà mí o!" Mi ò fẹ́ràn ká kàn máa ké "Olè! Olè!" Ẹ mọ ohun tí ariwo yẹn ń fà nílẹ̀ wa, táyà àti bẹntiróòlù, ó sì ti pa ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ rí.

Ara náà ní tirẹ̀. Bí ẹ̀rù bá dé, ohun kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Walter Cannon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1915: ara ń múra ìjà tàbí ìsá. Àyà á máa lù kìkì, ẹnu á gbẹ, etí lè di. Ojú lè rí ọ̀bẹ nìkan, kó má rí ẹnì kejì tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ á máa gbọ̀n débi pé kò ní lè ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi àwọn fídíò tí wọ́n ti ń lọ́ ọrùn ọwọ́ èèyàn bí ẹní fún aṣọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgúnpá, orúnkún, àtẹ́lẹwọ́ sí imú, ká sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ló ń bógun lọ.

Àwọn mìíràn á kàn dúró gbagidi. Wọn kì í ṣe ojo. Ọpọlọ ń wá ohun tó ti ṣe rí, kò rí i. Torí náà, ẹ ti gbọ́dọ̀ pinnu nílé, ní ìrọ̀lẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe yín, ibi tẹ́ ẹ ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kọjá. Tèmi: ẹni tó bá fẹ́ gbé mi kúrò níbi tí mo wà, èmi àti ẹ̀ ni. Ẹni tó bá na ìbọn tó ní kí n mú fóònù wá, kó máa gbé e lọ.

Ìjà orí ṣéńjì pẹ̀lú onítakisí ní Ọjà Ọba ò sí nínú èyí o. Ìgbéraga nìyẹn, "ẹ máa bínú" ṣì níṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo ìyá adìẹ. Bí òjìji àṣá bá bọ́ sílẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ á dìde, á fò mọ́ ọn. Bí àṣá bá lọ, kì í lé e dé orí igi. Á padà sídìí ààtàn rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tá à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sún mọ́ ọn ní abala 286: bí wọ́n bá kọlù yín láìjẹ́ pé ẹ tọ́jà, ẹ lè lo agbára tó tó láti fi gba ara yín. Èyí tó lè pani, àfi tí ìdí gidi bá wà láti bẹ̀rù pé ikú tàbí ọgbẹ́ ńlá ló ń bọ̀ wá bá yín. Bó bá ti sá tàbí tó ti ṣubú tí kò lè jà mọ́, tẹ́ ẹ ṣì ń lu ú, ẹ̀yin lọlọ́pàá máa mú.

Ọmọbìnrin yẹn dé lọ́sẹ̀ kejì. Mo rìn lọ bá a. "ÌWỌ! DÚRÓ SÍBẸ̀!" Ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì níta yọjú wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo dúró lóòótọ́. Ọmọ náà wò mí, ó rọra kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, sà."

Mo ní, "Dìde, ká tún un ṣe."