Kí Ẹ Tó Sanwó Àga Ọ́fíìsì, Ẹ Jókòó Sórí Ẹ̀ Kó Pẹ́

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará Èkìtì Kete àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá láti ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ àga la fẹ́ sọ lónìí, àga ọ́fíìsì, èyí tí wọ́n ń pè ní ergonomic, tí wọ́n ní kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn dun èèyàn tó bá jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé lóòótọ́ ni? Torí gbogbo ẹni tó ń tà á ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀kadà. Tẹ́ ẹ bá gun ọ̀kadà tí ìjókòó ẹ̀ rọ̀ bí òwú l'Adó níbí, tó jẹ́ pé Fájuyì sí Òkèṣà péré lẹ ń lọ, ẹ ó ní ọ̀kadà yìí mà dáa o. Ẹ wá gùn ún dé Ìkọ̀lé. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ìdí á ti máa ta yín, ẹ ó ti sún síwájú, ẹ ó ti sún sẹ́yìn, ẹ ó ti gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè kí ara lè sinmi. Ọ̀kadà kan náà ni o, ìjókòó kan náà, àkókò tẹ́ ẹ lò lórí ẹ̀ ló yàtọ̀. Bí àga ọ́fíìsì náà ṣe rí nìyẹn.

Iṣẹ́ tèmi, orí kọ̀ǹpútà ni, mo máa ń gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kí n tẹ̀ ẹ́ jáde, wákàtí 8, wákàtí 9 lójúmọ́. Lọ́dún 2021 mo lọ ra àga ńlá kan ní ṣọ́ọ̀bù kan nígboro, lẹ́dà dúdú, ẹ̀yìn ẹ̀ ga, fóòmù ẹ̀ nípọn, irú èyí táwọn èèyàn ń pè ní àga ọ̀gá. Mo jókòó lórí ẹ̀ bí ìṣẹ́jú 3, éèsì ń fẹ́ sí mi lára, ara tù mí, mo sanwó. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ìbàdí ti ń dùn mí débi pé tí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà láàárọ̀ mo ní láti di ògiri mú. Fóòmù yẹn ti tẹ́ pẹlẹbẹ, lẹ́dà ẹ̀ ń bó, ó ń lẹ̀ mọ́ mi láṣọ. Màmá mi wá kí mi lọ́jọ́ kan, wọ́n kàn dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń tẹ̀wé, wọ́n ní, "Ẹ̀yìn rẹ ò kan nǹkan kan ni, ọmọ mi." Wọ́n tú ìró kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká a, wọ́n tì í bọ ibi ìbàdí mi. Ara tù mí lọ́jọ́ yẹn ju gbogbo owó tí mo ná sórí àga lọ. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ àga.

Nǹkan kan wà tí mo kà tó la ojú mi. Lọ́dún 1996, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Zhang, Helander àti Drury, tẹ ìwádìí kan jáde nípa ìjókòó, wọ́n ní ìrọ̀rùn àti ìnira ò sí lórí òṣùwọ̀n kan náà, pé tí ọ̀kan bá ń lọ sókè kò pọn dandan kí èkejì wálẹ̀. Ìrọ̀rùn, ti pé ara tù ọ́ ni, pé àga yẹn rẹwà lójú ẹ, pé o rí i bíi ohun ìsinmi. Ìnira ní tiẹ̀, ti ara gan-an ni: ìrora, ẹsẹ̀ kíkú, iṣan líle, kí ó máa rẹni, bí wákàtí bá sì ṣe ń lọ ló ṣe ń pọ̀ sí i. Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí? Ìrọ̀rùn lẹ máa bá ní ṣọ́ọ̀bù, ìnira wà nílé tó ń dúró dè yín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kí ń bi ara mi mọ́ pé ṣé àga yìí dùn-ún jókòó, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé ibo ló ti kọ́kọ́ ń dùn mí, àti pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀.

Ó dáa, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn wa gan-an? Ọ̀pá ẹ̀yìn ò tọ́ ṣánṣán bí igi, ó tẹ̀ wọnú díẹ̀ níbi ìbàdí. Tẹ́ ẹ bá jókòó tí ẹ̀yìn ò fara ti nǹkan kan, tàbí tí ìdí rì sínú fóòmù tó rọ̀ jù, egungun ìdí á yí sẹ́yìn, ìbàdí tó yẹ kó tẹ̀ wọnú á wá yọ sóde. Láàárín egungun kan sí èkejì, ohun rírọ̀ kan wà níbẹ̀ bíi tìmùtìmù, òun ni gbogbo ìwúwo máa ń bọ́ sí lórí. Dókítà egungun kan ní Sweden, Alf Nachemson, bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ wọn ìfúnpá inú tìmùtìmù yẹn láwọn ọdún 1960, ohun tó rí ni pé téèyàn bá jókòó láìfẹ̀yìntì, ìfúnpá yẹn máa ń ju ti ìdúró lọ, á tó 140 tí ti ìdúró bá jẹ́ 100. Àwọn tó wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ẹ̀ ò gbà pé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ pé téèyàn bá fẹ̀yìn ti nǹkan dáadáa ó máa ń dín kù, ẹnu wọn kò lórí ìyẹn. Ohun tí màmá mi fi ìró ṣe fún mi náà ni.

Ẹ jẹ́ ká wá dán àga wò wàyí. Bàtà lẹ máa kọ́kọ́ wò, bẹ́ẹ̀ ni, bàtà. Èyí tẹ́ ẹ máa ń wọ̀ tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ síbi àga, tó bá jẹ́ sílípáàsì ni, sílípáàsì náà ni. Ẹ gbé àga yẹn sókè sódò títí àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì á fi tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, tí itan ò ní gbéra sókè, tí ò sì ní rọ̀ sílẹ̀. Àga mìíràn wà tí kò lè wálẹ̀ ju 46 sẹ̀ǹtímítà lọ, tẹ́ ẹ bá kúrú díẹ̀ ẹsẹ̀ yín á máa fì, etí àga á máa tẹ abẹ́ itan, nígbà tó bá yá ẹsẹ̀ á kú, tẹ́ ẹ bá dìde ẹ ò ní mọ̀ pé ilẹ̀ lẹ ń tẹ̀. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má rà á, àfi tẹ́ ẹ bá máa wá nǹkan gbé sábẹ́ ẹsẹ̀.

Èyí tó kàn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ẹ wo ọwọ́ mi níbí. Mo ti ìdí mi sẹ́yìn títí tó fi kan ẹ̀yìn àga pátápátá. Mo wá ki ìka 2, ìka 3, sáàárín etí àga yìí àti ẹ̀yìn orúnkún mi. Ó gbà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí kò bá gbà á, àga yẹn ti jìn jù fún yín, etí ẹ̀ á máa gún yín lẹ́yìn orúnkún, láìmọ̀ ẹ ó máa sún síwájú díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn yín á kúrò lára ẹ̀yìn àga, gbogbo ohun tí wọ́n sì ṣe sẹ́yìn àga yẹn láti gbé ìbàdí ró, tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbowó gọbọi lọ́wọ́ yín, ẹ ò ní fara kàn án láéláé. Àbúrò mi obìnrin ní irú ẹ̀, àga olówó ńlá o, ṣùgbọ́n etí ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí bí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tẹ́yìn ń dun òun. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí ìdí ẹ̀ ṣeé tì síwájú sẹ́yìn, ẹ fara mọ́ ọn.

Ti ìbàdí wá ńkọ́? Ibi tí àga ti yọ síwájú yẹn gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi tí bẹ́líìtì máa ń gbà lára yín tàbí díẹ̀ lókè ẹ̀. Tó bá lọ sókè jù, òkè ẹ̀yìn lá máa tì, tó bá wálẹ̀ jù, ìdí lá máa tì. Kó kàn fara kàn yín ni o, kó má gún yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ga, ẹ wo èyí tó ṣeé gbé sókè, torí ibi tó máa bá mi lára kọ́ ló máa bá yín.

Fóòmù, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárín gbùngbùn, báyìí. Tọ́wọ́ yín bá ti kan pákó, ìdí yín náà á kàn án, kò ní pẹ́. Àga tí wọ́n fi néẹ̀tì ṣe dáa fún ooru, ẹni tó bá ti jókòó sórí lẹ́dà l'Adó nínú oṣù kẹta, tí iná ò sí, tí ẹ̀yìn tutù fún òógùn, kò nílò àlàyé. Àmọ́ néẹ̀tì tí kò lágbára máa ń rọ̀ wálẹ̀ láàárín tó bá yá, irin etí ẹ̀ á wá máa ge abẹ́ itan. Ẹ fọwọ́ pa etí yẹn, kó dà sílẹ̀ díẹ̀, kó má mú.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé apá lé, tó bá ga jù èjìká á sún sókè, ọrùn á dùn yín, tí kò bá sì lè wọ abẹ́ tábìlì, ẹ ó jìnnà sí iṣẹ́ yín. Ti ibi ìgbórílé, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀wé kì í gbé orí lé nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn àga ṣeé dà sẹ́yìn, bíi 100 sí 110 dìgírì, kó sì máa bá yín lọ tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìntì. Èyí tó ní títì kan ṣoṣo, tí kò lè mira mọ́ tẹ́ ẹ bá ti tì í, kì í ṣe fún wákàtí 8.

Àwọn tó ń ta àga á sọ BIFMA fún yín. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àga ọ́fíìsì ní Amẹ́ríkà ni, ìdánwò wọn tí wọ́n ń pè ní X5.1 ń wo bóyá àga á gbé èèyàn tó wúwo tó nǹkan bíi 125 kílò láìkán. Ó dáa kó ní i. Ṣùgbọ́n agbára ló ń dán wò, kò sọ nǹkan kan nípa ìbàdí yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni sílíńdà gáàsì Class 4, ọ̀pá abẹ́ ìjókòó tó ń gbé àga sókè sódò, ó lágbára ju Class 3 lọ, ìyẹn ò ní kí ìjókòó ẹ̀ bá yín lára mu.

Fún owó tí ọ̀pọ̀ fi ń ra àga ọ̀gá tuntun, èmi ti gba ti tòkunbọ̀ gidi. Àwọn Aeron máa ń wọ ọjà nígbà míì, àga tí Bill Stumpf àti Don Chadwick yà fún ilé iṣẹ́ àga Herman Miller ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 1994, néẹ̀tì ni tòkè tìsàlẹ̀. Sáìsì 3 ló ní, A, B, C. Ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀ lókè, ẹ ó fọwọ́ kan kókó kéékèèké: 1 jẹ́ A, 2 jẹ́ B, 3 jẹ́ C. Ẹni tó kéré lára tó ra C kàn fowó ra ìrora ni, àga ìbáà lórúkọ títí.

Èyí tí mò ń jókòó lé yìí, Ajílósùn ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta ẹrù ọ́fíìsì tòkunbọ̀. Láptọ́ọ̀pù mi ni mo gbé lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jókòó sórí àga yìí fún wákàtí kan, kí n máa ṣiṣẹ́ mi." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Wákàtí kan kẹ̀? Ó dáa, jókòó, kò sí oníbàárà." Wọ́n fi àkísà nù ún fún mi. Àga àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 20 kò tíì pé tí itan ọ̀tún fi ń rin mí, mo gbé e wálẹ̀, kò tán, mo kúrò lórí ẹ̀. Èkejì, mo tẹ̀wé lọ, òjò rọ̀, òjò dá, ẹ̀gbọ́n ló wá sọ fún mi pé ó ti lé ní wákàtí kan. Mo wá ara mi wò láti ọrùn dé ẹsẹ̀, mi ò rí ibi tó ń dùn mí. Owó ẹ̀ ni mo san.

Síbẹ̀, ní gbogbo ìṣẹ́jú 30 tàbí 40 mo máa ń dìde, mo lè lọ bomi mu, mo lè kàn rìn dé ẹnu ọ̀nà, torí ara ò fẹ́ kó wà lójú kan, bó ti wù kí àga dáa tó.

Ẹ̀yin tí owó àga ò tíì sí lọ́wọ́ yín, ẹ wá ìró tàbí táwẹ́ẹ̀lì, ẹ ká a kó tó bí ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà méjì tí wọ́n so pọ̀, ẹ fi okùn dè é ní ìpẹ̀kun méjèèjì kó má tú, ẹ gbé e sí ibi tí bẹ́líìtì ń gbà, ẹ wá ti ìdí sẹ́yìn kẹ́ ẹ fara tì í. Tó bá ń tì yín síwájú, ó ti nípọn jù, ẹ tú ìká kan kúrò níbẹ̀.