Kí Ló Dé Tí Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Tó Ń Mu Epo Òyìnbó Fi Ń Tú Èéfín Dúdú?

Ẹ wo àtùpà yìí. Òwú rẹ̀ wà nísàlẹ̀, iná rẹ̀ mọ́, gíláàsì rẹ̀ ń dán. Ẹ jẹ́ kí n yí òwú náà sókè díẹ̀. Ó ṣì mọ́. Mo tún yí i... Ẹ ò rí i? Orí iná ti pọ́n, èéfín ti yọ, ẹnu gíláàsì ti dúdú. Epo kan náà ni o. Epo tó ń gòkè ló ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tó yẹ kó bá a jó.

Báyìí gan-an ni wọ́n ṣe ń dán epo ọkọ̀ òfuurufú wò. Wọ́n á máa gbé iná àtùpà kékeré kan sókè títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, wọ́n á wá wọn gíga iná náà. Ti Jet A-1, epo òyìnbó tí ọkọ̀ òfuurufú ń lò, gbọ́dọ̀ tó mìlímítà 25, àyàfi bí náfútálíìnì (èròjà tó máa ń rú èéfín) inú rẹ̀ bá kéré, nígbà náà 18 ti tó.

Ta ló wá ń fi irú epo òyìnbó bẹ́ẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì? Àwọn ọmọ ogun NATO (àjọ ààbò àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà) ń ṣe é, kí epo kan ṣoṣo lè gbé ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ilẹ̀ wọn. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké kan pẹ̀lú ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ń mu Jet A-1. Níbi tí òtútù ti ń mú kí dísẹ́ẹ̀lì dì bí ọ̀rá, epo òyìnbó ṣì máa ń ṣàn.

Nínú sílíńdà, kò sí òwú. Ínjẹ́tọ̀ ló ń fọ́n epo sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná tí písítìn ti fún pọ̀. Èyí tó wà létí rí afẹ́fẹ́, ó jó mọ́. Èyí tó há sáàárín kò rí tó: ooru á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á so mọ́ra, á di èédú lẹ́búlẹ́bú. Púpọ̀ nínú èédú yìí á tún jó kí fáàfù tó ṣí. Àjẹkù rẹ̀ là ń rí lẹ́nu sáléńsà.

Epo òyìnbó sì tètè ń gbẹ dà bí afẹ́fẹ́ ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ó ń bá afẹ́fẹ́ pò dáadáa. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá, èéfín rẹ̀ sábà máa ń kéré. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹ́ńjìnnì yín ń tú dúdú, epo kọ́ ni màá kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Nósù, ẹnu ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo, ni màá tú wò.

Epo òyìnbó ṣàn jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ fi ọ̀rá pa irin lára bíi dísẹ́ẹ̀lì. Pọ́ǹpù á máa jẹ, nósù á máa jẹ. Ẹ wo méjì yìí lórí ẹ̀rọ ìdánwò. Ti ọ̀tún ń fọ́n bí ìrì, ó sì dá lẹ́ẹ̀kan náà. Ti òsì ńkọ́? Ó fọ́n tán, ó tún kán tó. Ẹ̀kán yẹn á jó nígbà tí afẹ́fẹ́ ti tán, èédú ló máa dà. (Ẹ má fọwọ́ kan ìfọ́n yìí o, ó lè gún awọ wọlé!) Ẹ pààrọ̀ nósù tó ti jẹ, ẹ fi oògùn tó ń mú epo yọ̀ sí i, ẹ sì wo asẹ́ afẹ́fẹ́ àti rọ́bà tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì) bóyá ó ń jò.

Lítà epo òyìnbó kan fúyẹ́ ju ti dísẹ́ẹ̀lì lọ, agbára á dín díẹ̀. Àwọn kan á wá yí pọ́ǹpù kó máa tú epo sí i. Òwú àtùpà ni wọ́n yí sókè yẹn!

Asẹ́ èéfín ńkọ́? Ó ń mú èédú, ó sì ń sun ún ní nǹkan bí ìwọ̀n 600 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ inú epo ń ba kẹ́míkà ara àwọn asẹ́ kan jẹ́. Ìlànà gbà kí Jet A-1 ní imí-ọjọ́ tó tó ìdá 3,000 nínú mílíọ̀nù kan. Ní Yúróòpù, ti dísẹ́ẹ̀lì ojú pópó kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ. Kí ẹ tó ra asẹ́, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò epo. Bí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ bá ju ohun tí ẹni tó ṣe asẹ́ náà gbà lọ, ẹ fi owó yẹn tún nósù ṣe.