Ẹ Wo Ẹ̀yìn Ẹyinjú Aboyún Tí Orí Ń Fọ́

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, n ó sì máa tún un sọ títí ẹ ó fi ní kí n jókòó: aboyún tí orí ń fọ́ tí kò dáwọ́ dúró, tí ojú rẹ̀ tún ń ṣú, ẹ má fún un ní Panadol kó máa lọ sílé láìwo ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀.

Ikùn ń fẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Agbárí kì í fẹ̀. Ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ àti omi tó yí ọpọlọ ká ló kún inú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, tí àwọn yòókù kò dín kù, ìfúnpá inú agbárí á ga. Monro, dókítà ará Scotland, ló ti bẹ̀rẹ̀ èrò yìí láti 1783. Ohun tó fà á lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú òpó iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ, ó lè jẹ́ kókó inú orí, ó sì lè jẹ́ èyí tí a kò rí ìdí rẹ̀, tó wọ́pọ̀ jù lára ọ̀dọ́bìnrin tó sanra.

Ẹ bi í léèrè dáadáa. Ṣé orí náà ń le sí i tó bá dùbúlẹ̀ tàbí tó bá wúkọ́? Tó bá kúnlẹ̀ kí àgbà, tó sì dìde, ṣé ojú rẹ̀ ń ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀? Ṣé ó ń gbọ́ ariwo létí tí ń lù bí ọkàn ṣe ń lù? Ṣé ó ń rí ènìyàn kan ní méjì?

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ wò. Bó bá ti tó 140/90 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, ẹ mọ ohun tó kàn, n ò ní í kọ́ yín ní magnesium sulphate, oògùn tí ń dènà gìrì aboyún. Ibi tó ń dùn mí ni ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dára. Àwọn dókítà kan á ní, “Ẹ̀fọ́rí oyún lásán ni.” N ò gbà fún wọn, n ò sì ní í gbà láéláé! Obìnrin lè fọ́jú pátápátá lórí ọ̀rọ̀ “lásán” yẹn. Láti 1851 ni Helmholtz ti ṣe awò tí a fi ń wo ẹ̀yìn ẹyinjú ní Jámánì. Ti òde òní, bátìrì ló ń lò, kò dúró de iná ìjọba. Bí ibi tí iṣan ìríran ti wọ ẹyinjú bá wú, ó lè jẹ́ àmì pé ìfúnpá inú agbárí ti ga, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Ó kúkú wà nílùú yìí, ti LAUTECH àti ti Bowen.

Ibi tí mo dé nìyí tí ìyá agbẹ̀bí kan fi nàwọ́ sókè: “Dókítà, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ń rọ aboyún lẹ́sẹ̀. Ọkọ kì í gbà.”

Mo pa ìwé ọwọ́ mi dé. Ìyá wa, ẹ ṣeun, ìbéèrè yín ló ń dá iṣẹ́ wa dúró jù. Abẹ́rẹ́ yẹn la fi ń wọn ìfúnpá omi tó yí ọpọlọ ká, tí a sì fi ń fa díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ń wọ̀, níbi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí sókè. Omi ló ń bá níbẹ̀. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán ọpọlọ, MRI, ẹ̀rọ tí ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán, ló dára jù fún aboyún, láìfi gadolinium, oògùn tí ń mú àwòrán hàn kedere, sí i. Bí kókó ńlá bá wà lórí, fífa omi lè mú kí ọpọlọ yọ́ wá sísàlẹ̀, ìyẹn léwu gidi. Bí kò bá sí, a ó wọn ìfúnpá omi náà. Bó bá tó sẹ̀ǹtímítà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ga. Fífa díẹ̀ nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kí orí fúyẹ́. Ẹ pe ọkọ wọlé, ẹ pe ìyá ọkọ náà, kí ẹ ṣàlàyé fún wọn ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó gbé abẹ́rẹ́.

Àkókò ti lọ, n ó sáré. Acetazolamide, oògùn tí ń dín omi ọpọlọ kù: ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ lò ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Topiramate, oògùn wárápá tí àwọn kan tún ń lò fún un: rárá, ó lè mú kí ètè ọmọ là. Ẹ má fi ebi pa aboyún nítorí pé ó sanra. Ẹ kàn ṣọ́ bó ṣe ń sanra sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì, abẹ́rẹ́ heparin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dì, nítorí kì í kọjá sọ́dọ̀ ọmọ bí oògùn warfarin tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Bó bá dákú, ẹ gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ yí ara rẹ̀ sí òsì, kí ilé-ọmọ má tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Ìfúnpá tí a kò rí ìdí rẹ̀ yẹn nìkan kì í ṣe ìdí láti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí. Ó lè bímọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìríran bá ń lọ, iṣẹ́ abẹ ojú tàbí ti omi ọpọlọ kò gbọ́dọ̀ dúró de ìbímọ.

Ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ tún wọ́pọ̀ lẹ́yìn ìbímọ ju inú oyún lọ. Nítorí náà, tí wọ́n bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ bi ìyá náà bí orí ṣe ń ṣe é, ẹ bi í bóyá ó ń ríran dáadáa.