Lẹ́tà Q nínú Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Onílẹ́tà Márùn-ún

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Láti ìlú Òṣogbo ni a ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Lẹ́tà Q ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí lẹ́tà wọn jẹ́ márùn-ún géérégé.

Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, kò sì sí C, Q, V, X àti Z láàárín wọn. Bí ẹ bá wá tú àpò ayò Scrabble sílẹ̀, ẹ ó rí i pé inú àwọn tí a kò ní yìí ni máàkì gidi wà: C jẹ́ 3, V jẹ́ 4, X jẹ́ 8, nígbà tí Q àti Z jẹ́ 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ègé 100 tó wà nínú àpò náà, Q kan ṣoṣo ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà, Wellington Jighere, ló gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ayò yìí ní ìlú Perth, lórílẹ̀-èdè Australia, lọ́dún 2015, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Àwọn tó ń ta Wordle lórí fóònù náà nílò ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún ni wọ́n ń wá nínú ayò náà, ìgbìyànjú mẹ́fà péré ni wọ́n sì ní.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń to ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ sójú pátákó kí ọmọ há a sórí. Ní tèmi, èdè tí ọ̀rọ̀ ti wá ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé òun ló máa ń sọ ibi tí Q yóò jókòó sí àti ẹni tí yóò tẹ̀ lé e.

Ẹ wo QUEEN, ìyẹn ayaba, àti QUICK, ìyẹn kíákíá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kì í fi Q kọ wọ́n rárá. CWEN ni wọ́n ń kọ fún ayaba, wọ́n sì ń kọ CWIC, tí ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà jẹ́ ohun tó wà láàyè. Lẹ́yìn tí àwọn Norman ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066 ni àwọn akọ̀wé tó mọ ìlànà èdè Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi QU rọ́pò CW, láti ìgbà náà ni U sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá Q rìn níbi gbogbo. Nínú agbo yìí ni a ti rí QUASH, èyí tí ilé ẹjọ́ gíga máa ń ṣe nígbà tó bá fagi lé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kékeré. QUELL ni kí a pa rògbòdìyàn rẹ́, QUACK sì jẹ́ igbe pẹ́pẹ́yẹ, ó tún jẹ́ dókítà ayédèrú tó ń gún ni lábẹ́rẹ́ láìní ìwé ẹ̀rí. QUEUE ni ìlà tí ọkọ̀ máa ń tò sí ilé epo ní Òkè-Fìà bí epo bá wọ́n, fáwẹ́lì mẹ́rin ló sì gbé, nítorí náà ó ń gba ẹni tí fáwẹ́lì ti kún ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Q tún máa ń wà láàárín, lẹ́yìn S tàbí E: SQUAD jẹ́ ikọ̀, SQUAT jẹ́ kí ènìyàn lóṣòó, EQUAL jẹ́ ohun tó dọ́gba, EQUIP sì jẹ́ kí a fún ènìyàn ní ohun èlò iṣẹ́. Bí QUE bá parí ọ̀rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé Faransé ni, bíi TOQUE, ìyẹn fìlà gíga tí àwọn alásè máa ń dé.

Èyí tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú ni Q tí kò ní U. U mẹ́rin péré ló wà nínú àpò, ẹlòmíràn sì lè ti kó wọn tán. Ẹ wo àwọn lẹ́tà méje tó wà níwájú mi yìí: N, Q, I, B, A, D, T. Ẹni tó ń retí U yóò jókòó títí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó lọ ilé kéwú mọ̀ pé lẹ́tà méjì tó jọ ara wọn ni Lárúbáwá ní, kaf àti qaf, èyí ìkẹyìn a sì máa ti ẹ̀yìn ọ̀fun jáde. Àwọn tó ń fi lẹ́tà Látìnì kọ ọ́ fún kaf ní K, wọ́n sì fún qaf ní Q, láìbéèrè U lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, NIQAB ló wà níwájú mi yìí: ìbòjú àwọn ẹlẹ́hàá tó fi ẹyinjú nìkan sílẹ̀. Máàkì 16 ni, bí Q bá sì bọ́ sí ibi tí lẹ́tà ti ń di ìlọ́po méjì, ó di 26. BURQA bo gbogbo ara àti ojú, TALAQ ni ìkọ̀sílẹ̀ tí ọkọ máa ń kéde lábẹ́ òfin Ìsìláàmù, FAQIR sì jẹ́ tálákà olùfọkànsìn tó ń jẹ sàárà. QANAT jẹ́ ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ará Ìran gbẹ́ láti fa omi láti ẹsẹ̀ òkè wá sínú oko. Lọ́dún 2016 ni ó wọ ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO, èyí tí Igbó Ọ̀ṣun-Òṣogbo tiwa ti wọ̀ lọ́dún 2005.

Ọ̀kan ṣì kù tí kì í ṣe Lárúbáwá. UMIAQ ni ọkọ̀ ojú omi aláwọ tí àwọn Inuit ìhà àríwá Amẹ́ríkà ń wà. Wọ́n tún máa ń kọ ọ́ ní UMIAK, ṣùgbọ́n máàkì 11 ni ìyẹn, nígbà tí ti Q jẹ́ 16, nítorí náà bí méjèèjì bá wà lọ́wọ́ yín, Q ni kí ẹ kọ́kọ́ tà, kí ẹ sì fi K pamọ́ de ọ̀rọ̀ mìíràn.